Ìyálé Ló Ń Múni Jáde

Ẹ má bínú tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí inú mi bá ti dùn, ẹnu mi kì í dúró de èémí, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ìyá mi tó ń gbé ní àdúgbò Karaworo máa ń sọ pé mo máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun títí òun á fi jí mi, kí n má baà rín ẹ̀rín kú. Inú mi dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, inú mi dùn lọ́jọ́ kejì, ó ń dùn lọ bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí mo ṣàkíyèsí pé mi ò tíì fojú kan títì láti ìgbà tí wọ́n ti bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ wọ inú ilé ọkọ mi ní àdúgbò Natako.

Ilé oníṣòwò ni ilé ọkọ mi. Ìlọrin ni àwọn bàbá ńlá wọn ti ru ẹrù wá, wọ́n kọ́lé sí Lọ́kọ́ja, wọn ò padà mọ́. Ilé náà gùn, yàrá ń tẹ̀lé yàrá, àgbàlá wà láàárín, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní. Kí èèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà yẹn, á gba inú ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá, inú ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyálé máa ń jókòó sí. Ìyálé ni ìyàwó àgbà Baba. Baba ni bàbá ọkọ mi, òun ni olórí ilé. Ìyá tó bí ọkọ mi ti kú kí n tó dé, Ìyálé ló tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ Ígálà ni Ìyálé, òdìkejì odò ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílé yẹn débi pé Yorùbá Ìlọrin tó ń sọ yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju tèmi tí mo jẹ́ ọmọ Òwórò lọ.

Òfin kan wà nílé náà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó wọlé, nítorí wọ́n rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìyàwó tuntun kì í dá jáde. Kò ní lọ ra iyọ̀, kò ní lọ kí ìyá rẹ̀, kò ní na ọrùn sí títì láti mọ ẹni tó ń kọjá. Ó di ọjọ́ tí Ìyálé bá wọ aṣọ àtàtà, tó ní ó yá, tó bọ́ síwájú, tó mú un yí gbogbo ilé ẹbí ká kí wọ́n lè mọ ojú rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ìmújáde. Lẹ́yìn ìmújáde, o lè lọ ibi tó bá wù ọ́, ṣáà ti sọ ibi tí ò ń lọ. Ìgbà wo ni ìmújáde á wáyé? Ìgbà tó bá wu Ìyálé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹni tó wọlé ṣáájú mi, bímọ àkọ́kọ́, ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn kó tó rí títì.

Èmi ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Mo ti yege ìdánwò àbáwọlé kí n tó ṣègbéyàwó, wọ́n sì ti fún mi láyè nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ọ̀nà Ganaja láti kọ́ ìtàn. Ohun tó kù kò ju pé kí n yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí wọ́n rí mi, kí wọ́n yẹ ìwé mi wò. Ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ọjọ́ Àtàláátà kan ni. Mo mọ ọjọ́ náà, ọkọ mi mọ̀ ọ́n, gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, ọjọ́ náà sì ń bọ̀ bí ọjọ́ ṣe máa ń bọ̀, láì béèrè bóyá ìyàwó kan ti jáde.

Ẹ ẹ̀ mọ bí ooru Lọ́kọ́ja ṣe máa ń rí nínú àgbàlá tí ògiri yí ká. Páànù á máa tú ìgbóná rẹ̀ dà síni lórí. Lókè ògiri, mo máa ń rí ṣóńṣó òkè Patti, kì í ṣe òkè náà o, orí rẹ̀ lásán. Mo máa ń gbọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń pe èrò, "Ganaja, Ganaja, ó ku ẹnì kan," a sì máa ṣe mí bíi pé èmi ni ẹnì kan yẹn. Mo ti mọ ohùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní ikọ́ wà níbẹ̀, èyí tó máa ń fi Hausa bú àwọn tó kù náà wà níbẹ̀. Mi ò mọ ojú ẹnì kankan nínú wọn.

Kí n má baà yarí, mo ń sọ ìtàn. Ní ilé-ìwé girama, a ní tíṣà obìnrin kan tó jẹ́ pé bó bá ń sọ ti àwọn ọbabìnrin ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ ó rò pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń ṣòfófó wọn. Gbogbo ohun tó sọ ló wà lórí mi. Nídìí abọ́ tí mo ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé ni mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé. Àwọn ọmọ ilé yẹn, ọkọ mi ni gbogbo wọn, títí kan ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, tí mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí láràárọ̀.

Mo sọ ti obìnrin tó jọba ní Zazzau nílẹ̀ Hausa fún wọn, bó ṣe jẹ́ pé láàárín àwọn ọmọ ogun ló dàgbà sí, tó ti mọ ẹṣin gùn kí ẹnikẹ́ni tó rò pé ó lè jọba, tó wá gba ọ̀nà àwọn oníṣòwò mọ́ àwọn ọkùnrin lọ́wọ́. Mo sọ ti Íjíbítì àtijọ́, obìnrin tí wọ́n ní kó bá wọn di ìtẹ́ mú de ọmọ orogún rẹ̀, tó dì í mú títí tó fi di tirẹ̀, tó sì so irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n kí wọ́n lè gbà pé ọba ni.

Ọkọ mi aláìléyín ní, "Ìyàwó, irùngbọ̀n yẹn ò yún un ni?"

"Ọkọ mi, tí ìtẹ́ bá dùn, èèyàn á fara da yíyún."

Ìyàwó tó ṣáájú mi gbọ́ ọ níbi tó ti ń gúnyán. Ó ní, "Ẹ bá mi kí Kábíyèsí Abọ́. Kábíyèsí, ẹ dákun, tí ẹ bá ti jọba tán, ẹ bá mi fọ odó yìí."

Láti ọjọ́ náà lọ, Kábíyèsí Abọ́ ni wọ́n ń pè mí.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ lọ bá ni ọkọ mi, nítorí mo rò pé ọkọ ni ọba. Wáyà àti gílóòbù ló ń tà, ó máa ń lọ kó ọjà ní Kaduna. Ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ lo fẹ́ mi?"

"Èmi ni."

"Ìwọ kọ́ lo ṣèlérí fún ìyá mi pé màá lọ sílé-ẹ̀kọ́?"

"Èmi náà ni. Mi ò sì yẹ̀ ẹ́."

"Ṣílẹ̀kùn fún mi nígbà náà."

Ó wò mí. "Ìlẹ̀kùn wo? Ìlẹ̀kùn yẹn ò tì rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ìyálé ló wà níbẹ̀."

"Bá mi sọ fún un."

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ilé ni. Ọkùnrin kì í dá sí ìmújáde. Sọ fún ìyàwó tó ṣáájú rẹ, òun á sọ fún ẹni tó ṣáájú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ lóòótọ́. Nílé yẹn, ìyàwó kì í fo ìyàwó. Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ, ẹni tó wọlé ṣáájú rẹ lo máa sọ ọ́ fún, á gun òkè díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi dé etí Ìyálé, Ìyálé á wá mọ̀ bóyá ó yẹ kí Baba gbọ́. Mo ti sọ fún ìyàwó tó ṣáájú mi. Ó ní òun ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan padà. Ooru ń mú, Àtàláátà ń bọ̀.

Mo wá rántí obìnrin ará Àngólà. Àbúrò ọba ni, arákùnrin rẹ̀ ló rán an lọ bá gómìnà àwọn Potogí sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé àga fún gómìnà, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún òun. Kò bá wọn jà. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn wólẹ̀, obìnrin náà jókòó lé e lẹ́yìn, ó sì ń wo gómìnà lójú kòrókòró. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó kù fún mi nìyẹn, ojú kòrókòró.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Àtàláátà náà pé, lẹ́yìn ìrun, Baba wà nínú pálọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbààgbà méjì, wọ́n ń mu kunu. Mo wọlé. Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé orí sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé-ẹ̀kọ́, ìtàn, Ganaja, Àtàláátà, mi ò mí.

Baba gbé ife sílẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í jágbe. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé Ìyálé mọ̀ pé o wà níbí?"

"Rárá, Baba."

"Nígbà náà, èmi náà ò mọ̀."

Ó gbé kunu rẹ̀. Àwọn àgbààgbà yẹn wo ògiri bíi pé ẹnì kankan ò wọlé. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti yé mi pé mo ti ba nǹkan jẹ́, pé kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ fún mi, pé wọn ò tilẹ̀ rí mi.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìyàwó ilé ti pé sí àgbàlá. Èmi wà láàárín, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí bí obìnrin ṣe ń tọrọ àforíjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló tún burú. Ìyálé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mi ò ní bu owó ìtanràn lé ọ. Orí àga mi lo ti fò kọjá, ẹ̀gbẹ́ àga mi ni wàá máa jókòó. Bí o bá ti parí iṣẹ́ òwúrọ̀, gbé ẹní rẹ wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Títí ìrun ìrọ̀lẹ́. Lójoojúmọ́, títí màá fi sọ pé ó tó."

"Ìmújáde mi ńkọ́, Ìyá?"

"Èwo ni ìmújáde? Ṣé o ti wọlé ni?"

Bí mo ṣe di ẹni ẹ̀gbẹ́ àga nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n inú ẹ̀wọ̀n ni. Títì wà níbẹ̀ gan-an, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo ń rí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, mo ń rí táyà kẹ̀kẹ́, mo ń rí eruku. Tí mo bá na ọwọ́, ìka mi á jáde. Mi ò na ọwọ́. Àwọn tó ń kọjá á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kí Ìyálé, wọ́n á wo ẹní mi, wọ́n á mú ẹ̀rín mọ́ra. Oníkẹ̀kẹ́ tó ní ikọ́ yọjú wá tọrọ omi lọ́jọ́ kan. Mo rí ojú rẹ̀ níkẹyìn. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan ni. Inú mi dùn débi pé omijé bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí mi ò ti lè lọ ibì kan, mo ń wò. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò lè dé ọ̀dọ̀ Baba láì kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ obìnrin yìí kọjá. Ọkùnrin kan á dé pẹ̀lú ẹjọ́ ààlà oko. Ìyálé á ní kó jókòó, á bi í bóyá ó ti jẹun, á bi í nípa àwọn ọmọ, nígbà tí abọ́ bá fi ṣófo, ó ti mọ gbogbo ẹjọ́ náà tinú tẹ̀yìn. Á wá rán mi sí Baba. Ọ̀nà méjì ló ní tó fi ń ránṣẹ́. Tó bá ní kí n sọ pé "àlejò ti dé," Baba á wọ fìlà jáde. Tó bá ní kí n sọ pé "ẹnì kan ń béèrè yín," Baba á padà sùn. Gbogbo agbára rẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ mélòó kan yẹn lọ. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń rò pé tíṣà wa ì bá san owó wá wò ó.

Ọjọ́ kẹta, Ìyálé ní, "Àwọn ọbabìnrin rẹ yẹn, tí o ń sọ nídìí abọ́. Ìyálé kankan ò sí nílé wọn ni?"

"Ẹ gbọ́ ọ, Ìyá?"

"Kí ni mi ò gbọ́ nílé yìí? Sọ ọ̀kan."

Inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ẹ mọ̀ mí. Mo sọ ti Bìní, ti ìyá ọba tó dúró ti ọmọ rẹ̀ nígbà tí ogun le, tó kó ọmọ ogun jọ fún un, tó fi ọgbọ́n àti oògùn ràn án lọ́wọ́ títí ó fi borí. Ọba wá kọ́ ààfin fún un, ó fún un ní oyè, láti ìgbà náà ni ìyá ọba ti ní ààfin tirẹ̀ níbẹ̀.

"Ta ni wọ́n bá jà?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ìlú ọba Ígálà ni. "Ìdàh, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àwa. Ìyẹn lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún nílé-ìwé."

Mo rò pé ó ti bínú. Ó wá ní, "Àwa náà ní tiwa. Obìnrin jẹ Attah, ọba wa, rí. Wọ́n ní nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lu etí ọkùnrin tó bá jẹ Attah títí di òní. Ṣé ó wà nínú ìwé yín?"

"Kò sí nínú tiwa, Ìyá. Báwo ló ṣe dórí oyè?"

"Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ogún nìkan ni. Wọ́n lè fi ilé lé ọ lọ́wọ́, bí o ò bá rí ẹni bá ọ jókòó nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ lo jogún." Ó fi ọwọ́ gbá eṣinṣin. "Èyí tó jókòó lé ẹ̀yìn èèyàn yẹn ńkọ́? Ẹni tó wólẹ̀ fún un, kí ni wọ́n fún òun?"

"Ìwé ò sọ, Ìyá."

"Ìwọ ńkọ́, tí o lọ wo Baba lójú, ẹ̀yìn ta lo jókòó lé?"

Mi ò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ìyá, láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀yìn tèmi ni gbogbo ilé yìí ń jókòó lé."

Ìyálé rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn, ẹ̀rín kúkúrú bí ẹni tó ń hú ikọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ó tó.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Àtàláátà pé ni ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bíríkìlà kan wọlé. Bíríkìlà náà fa téèpù ìwọ̀n, ó fi wọn ọ̀ọ̀dẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Nígbà tó dé ibi àga, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀." Ìyálé gbé ẹsẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá bíi pé àga náà ṣófo. Wọ́n fẹ́ fọ́ ògiri iwájú, kí ọ̀ọ̀dẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù wáyà àti gílóòbù fún ọkọ mi, kí wọ́n wá la ẹnu ọ̀nà kékeré sí ẹ̀yìn ilé. Baba ti fọwọ́ sí i. Wọ́n á fún Màmá ní yàrá tó tutù lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n lọ, Ìyálé gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá dé ló ní kó máa wọlé tọ Baba lọ, kò bi ẹnì kankan bóyá ó ti jẹun. Baba rí àlejò títí, orí fọ́ ọ. Mo wo obìnrin yẹn lórí àga rẹ̀. Mo ti máa ń rò pé èmi nìkan ni mo wà nínú àhámọ́. Òun náà ti dúró síbi kan ṣoṣo yẹn fún ọdún àìmọye, ibẹ̀ nìkan ló ti ń jọba, wọ́n sì fẹ́ fọ́ ọ láti ta gílóòbù. Kò lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó tọ́. Kò sí ìyàwó tó ṣáájú rẹ̀ tó lè bá a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ fún ọkọ mi, mo jókòó tì í. Mo fa ohùn mi sílẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn á dára o. Tí o bá lọ Kaduna, ta ni á máa tajà?"

"Ìwọ ni."

"Èmi? Ojú títì ni ṣọ́ọ̀bù máa kọ sí. Ìyàwó tí wọn ò tíì mú jáde lè dúró lójú títì?"

Ó ní, "Wọ́n á ti mú ọ jáde nígbà yẹn."

"Ta ni á mú mi jáde?"

"Ìyálé."

"Láti ọ̀ọ̀dẹ̀ wo?" ni mo bi í. Mo jẹ́ kó jẹ òkèlè kan. Ó mú èkejì, kò fi í sẹ́nu. Ó wò mí, ó wo ọ̀nà ọ̀ọ̀dẹ̀, ó tún wò mí.

"Ó tọ́ mi dàgbà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbẹ́ ilé ńkọ́, ní orígun níbi táwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń dúró sí? Ibẹ̀ lèrò pọ̀ sí jù. Mo ń gbọ́ ohùn wọn látàárọ̀ dalẹ́, mo mọ̀."

Ó gbé òkèlè náà mì. "Màá sọ fún Baba pé bíríkìlà ní ògiri iwájú ò ní gbà á." Ó tún mú òkèlè. "Kò sì ní gbà á lóòótọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mi ò fo ẹnì kankan. Mo lọ bá ìyàwó tó ṣáájú mi nídìí odó, mo kúnlẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sókè pé ọkọ mi ti rí ibòmíì fún ṣọ́ọ̀bù, ní orígun. Ẹ sì bá mi sọ pé ní Àtàláátà ni wọ́n ń retí mi ní Ganaja."

Ó gbé ọmọ odó dúró. "Èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ?"

"Ẹ sọ wọ́n pọ̀."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Kábíyèsí," ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò fi abọ́ kún un.

Mo gbé ẹní mi lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ wo ìyà tó jẹ mí lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ mi wà lọ́nà, ó ń ti ẹ̀yìnkùlé gba yàrá kan bọ́ sí yàrá kejì, èmi sì jókòó níbi tí eékún Ìyálé ti kan èjìká mi, mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo fi eyín di ètè mi mú. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá inú ń run mí. Mo ní rárá. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ìyàwó Baba tó tẹ̀ lé Ìyálé gbé omi tútù wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí Ìyálé, ó sọ̀rọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde. Ìyálé mu omi náà tán. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Ìyàwó. Aṣọ wo lo ní tó dára?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ó ní, "Jókòó, kò tíì tó." Ṣùgbọ́n ó ti tó, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ti tó.

Òwúrọ̀ Àtàláátà ló mú mi jáde. Ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó gbé ìborí funfun sí i, ó bọ́ síwájú, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé mi nínú báàgì. Mo kọjá ìlẹ̀kùn. Ẹ gbà mí gbọ́, afẹ́fẹ́ ìta yàtọ̀. Ilé ẹbí pọ̀ ní Natako, gbogbo rẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ dé. Ní gbogbo ilé, wọ́n á ní a jókòó, wọ́n á gbé omi wá, wọ́n á gbàdúrà gígùn lé mi lórí, Ìyálé á sì máa ṣe àmín bí ẹni tí kò níbì kan tó ń lọ, nígbà tí oòrùn ń gòkè, tí ọ̀sán tí ilé-ẹ̀kọ́ dá ń sún mọ́lé. Mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Má wò mí. Tí o bá fo ilé kan, wọ́n á ní mi ò mú ọ débẹ̀, ìmújáde náà á sì bàjẹ́." Nígbà tá a jáde ní ilé tó kẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́. A jọ wọ̀ ọ́, ó sọ fún oníkẹ̀kẹ́ náà pé, "Ganaja, kíá. Bí o bá ṣìnà, màá bá ìyá rẹ wí."

Ní géètì ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọlọ́dẹ kan dúró. Ó ní àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, ẹni tí wọ́n pè nìkan ló lè wọlé, Màmá ò lè wọlé. Mo rò pé Ìyálé á jágbe. Ó kí i, ẹ gbọ́, ó kí ọkùnrin náà bí ẹni tó kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ni ẹnu ọ̀nà yìí. Oòrùn yìí pọ̀ fún ọ o. Ṣé o ti jẹun?" Ọkùnrin náà sún lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ìyálé jókòó. Ọlọ́dẹ yíjú sí mi, ó ní kí n sáré, ilé kejì lápá ọ̀tún, kí n sọ pé òun ló ní kí n máa bọ̀.

Mo sáré. Àwọn méjì ló kù lẹ́yìn mi. Ọ̀gá tó jókòó nídìí tábìlì yẹ ìwé mi wò, ó bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ìtàn. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti Zazzau, mo sọ ti Bìní, mo sọ ti obìnrin tó jẹ Attah, mo sọ pé ẹni tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọba náà ń jọba, pé ó yẹ kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè pé ó tó, ó tó, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo padà dé géètì, Ìyálé wà lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta dúró níwájú rẹ̀, ó ń júwe ilé kejì lápá ọ̀tún fún wọn. Mo sọ fún un pé wọ́n ti gbà mí. Ó ní, "Mo mọ̀. Ọlọ́dẹ ti sọ fún mi."

Ó dìde, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó wọ̀ ọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ láti tẹ̀ lé e. Ó fi ọwọ́ dá mi dúró.

"Kẹ̀kẹ́ mìíràn wà. Mo ti mú ọ jáde. Ta ni yóò tún máa mú ọ wọlé?"

Kẹ̀kẹ́ náà gbéra, ìborí funfun rẹ̀ ń fẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Ganaja, èmi nìkan, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti délé ọkọ. Ẹnì kan ń ta ẹ̀pà. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró, ó bi mí níbo, mo ní kó máa lọ. Òmíràn dúró, mo ní kó máa lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nínú oòrùn, díẹ̀díẹ̀, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé.